Bàbá tó ń tún báísíkù ṣe l'Ajílósùn: jíà mi ò fò mọ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń gun báísíkù eré ayé àtijọ́, tí lífà jíà ẹ̀ wà lára irin ìsàlẹ̀ fíréèmù, mo ti rí ẹni tó mọ iṣẹ́ ẹ̀ l'Adó-Èkìtì. Bàbá kan ni, apá Ajílósùn ni wọ́n wà, kò sí sáìnbọ́ọ̀dù, táyà ọ̀kadà méjì tí wọ́n kọ́ síta làmì, téèyàn ò bá sì bèèrè á kàn kọjá ibẹ̀ ni torí ọ̀kadà àti báísíkù àwọn ọmọdé ló kún iwájú ṣọ́ọ̀bù. Mo fún wọn ní máàkì mẹ́rin nínú márùn-ún, màá sọ ibi tí ẹyọ kan tó kù bá lọ.

Ohun tó ń ṣe tèmi rèé. Raleigh tòkunbọ̀ ni, irin gidi, sìpọ́kẹ́ẹ̀tì (irin eléyín róbótó tí ṣéènì ń gbà) mẹ́fà lẹ́yìn, jíà ilé iṣẹ́ Shimano. Tí mo bá fa lífà, ṣéènì ò ní mira, tí mo bá tún fà á díẹ̀ sí i á wá fo méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Tí mo bá wá ń gun òkè, ẹ sì mọ Èkìtì wa, ibo lèèyàn fẹ́ lọ tí kò ní pàdé òkè, jíà á kàn yí fúnra ẹ̀, gbàù, ẹsẹ̀ á já sófo. Lójú ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ tí ọkọ̀ ńlá ń bọ̀ lẹ́yìn ẹni, ẹ̀rù ń bani o.

Gbogbo àwọn tó ti fọwọ́ kàn án tẹ́lẹ̀, síkírù ni wọ́n ń yí. Síkírù kékeré méjì tó wà lára ọwọ́ jíà ẹ̀yìn, ìyẹn apá tó ń ti ṣéènì láti orí sìpọ́kẹ́ẹ̀tì kan sí òmíì, tí wọ́n kọ H àti L sí, wọ́n á yí i síhìn-ín yí i sọ́hùn-ún, wọ́n á ní ó ti dáa, mi ò ní tíì dé Fájuyì tó fi máa tún bẹ̀rẹ̀. Síkírù yẹn ò dẹ̀ kan ọ̀rọ̀ àárín rárá, ìpẹ̀kun òde àti ìpẹ̀kun inú ló ń ṣọ́, kí ṣéènì má jábọ́ síta, kó má sì wọ inú sípóòkù.

Bàbá yìí ò tiẹ̀ wo ibẹ̀. Wọ́n gbé báísíkù kọ́, wọ́n lọ dúró sẹ́yìn ẹ̀, wọ́n dijú kan, wọ́n ní, "Ọmọ mi, kinní yìí ti ṣubú lápá ọ̀tún rí." Mo ní, "Bàbá, báwo lẹ ṣe mọ̀ ọ́n, bí mo ṣe rà á nìyẹn." Wọ́n ní kí n wò ó, etí irin tí wọ́n fi ọwọ́ jíà kọ́ sára fíréèmù ti tẹ̀ wọnú, ọwọ́ jíà wá dúró wọ́ọ́rọ́, kò bá sìpọ́kẹ́ẹ̀tì tọ̀ mọ́.

Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ ló wù mí jù. Ó ní irinṣẹ́ tí wọ́n ń lò fún un níbòmíì, Bàbá ò ní in, wíìlì àtijọ́ kan ni wọ́n mú jáde. Ihò etí yẹn àti áàsù ẹ̀yìn (irin tó gba àárín wíìlì kọjá) tó jẹ́ 10 mm, ìlà síkírù tó yí wọn ká bára mu, ni wọ́n bá yọ ọwọ́ jíà, wọ́n yí áàsù wíìlì àtijọ́ yẹn wọ ihò ẹ̀, wíìlì méjì wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Wọ́n wọn àlàfo àárín wọn lókè, nísàlẹ̀, níwájú, lẹ́yìn, ibi tó bá fún wọ́n á fà á díẹ̀, wọ́n á tún wọ̀n, títí ó fi dọ́gba yíká. Wọ́n ní torí pé irin ni fíréèmù mi ló ṣe ṣe é, tó bá jẹ́ alumíníọ̀mù ó lè kán mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ibẹ̀ kọ́ ló parí sí o. Wọ́n gé awọ wáyà, wọ́n fi hàn mí: ẹnìkan ti fi awọ wáyà búrèkì sí i. Irin tó wà nínú ògiri awọ ti búrèkì lọ́ yípo bíi sípíríǹgì, tèèyàn bá fà á á sún kì, iye tí lífà bá fà kọ́ ló máa dé ẹ̀yìn. Ti jíà, irin inú awọ ẹ̀ nà gbọọrọ ni. Láti 1984 tí Shimano ti gbé SIS jáde, lífà tó ń dún kẹ́ kẹ́, irú sísún bẹ́ẹ̀ kékeré ti tó láti da nǹkan rú. Lífà tèmi gan-an, wọ́n ti yí òrùka ẹ̀ tẹ́lẹ̀ sí F, ibi tí kì í ti í dún kẹ́ kẹ́, tó jẹ́ síkírù ẹ̀ nìkan ló ń dì í mú, síkírù ọ̀hún sì dẹ̀, sípíríǹgì ọwọ́ jíà ẹ̀yìn ló ń fà á padà lórí òkè. Wọ́n dá a padà sí SIS, wọ́n fún síkírù ẹ̀.

Ṣéènì ńkọ́? Rúlà lásán ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, ínṣì 12 gérégé ló yẹ kó jẹ́ láti píìnì dé píìnì, tó bá ti lé ní ìdá kan nínú mẹ́jọ ínṣì, àfi kẹ́ ẹ pààrọ̀ ẹ̀, fíríwíìlì, ìyẹn àwọn sìpọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn, náà ò sì ní yè é. Tèmi ṣì dáa.

₦6,000 ni wọ́n gbà, iṣẹ́ ọwọ́ nìkan. Ní báyìí jíà ń wọlé kẹ́, kódà lórí òkè, tí mo bá ti dẹwọ́ ẹsẹ̀ díẹ̀ kí n tó yí i.

Ẹ̀ṣẹ̀ wọn rèé: wọ́n ní kí n padà wá nírọ̀lẹ́, ọjọ́ kejì ni mo gbà á, fóònù wọn ò dẹ̀ lọ. Wọ́n sì rọ gírísì sí ṣéènì bí ẹni ń fọ́n ata sọ́bẹ̀, iyanrìn pupa àdúgbò wa á kàn lẹ̀ mọ́ ọn ni, epo òyìnbó ni mo fi fọ̀ ọ́ nílé kí n tó kán ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí i. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má fi sí tiyín.

Awọ wáyà jíà ni wọn kì í ní nílẹ̀, ẹ gbé tiyín lọ. 4 mm ni kẹ́ ẹ bèèrè, tí ẹni tó ń tà á bá fún yín ní 5 mm, ti búrèkì nìyẹn.