Wọ́n ní ojú ìwé pé, àmọ́ Ball Boy ò sí níbẹ̀

Ẹ̀wù òtútù ṣì wà lọ́rùn mi nígbà tí mo fi ọ̀bẹ ìdáná ya téèpù orí páálí náà. Kọ́míìkì ogún ni mo sanwó fún ní ilé ìtajà kan tó ń ta kọ́míìkì àtijọ́, £85, owó ìfìránṣẹ́ ò sí nínú rẹ̀: Beano (kọ́míìkì àwọn ọmọdé Ìlú Ọba) mẹ́rìnlá láti ìparí ọdún 1975 wọ 1976, Whizzer and Chips mẹ́ta, Scorcher méjì, Plug kan. Kí n má parọ́, ẹyọ kan ṣoṣo ni mo tìtorí rẹ̀ ra ogún: Beano nọ́ńbà 1735, ti ọjọ́ 18 oṣù October 1975, èyí tí Ball Boy, ìtàn aláwòrán nípa ọmọkùnrin kan tó kúndùn bọ́ọ̀lù, ti kọ́kọ́ jáde. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà n'Íbàdàn fẹ́ pé ọgọ́ta ọdún, ẹ̀bùn rẹ̀ nìyẹn.

Mo fa ìwé náà yọ nínú ọ̀rá. Iwájú rẹ̀ mọ́ tónítóní, ẹ̀wù Dennis, ọmọ aláìgbọràn inú Beano, ṣì pupa fòò (ọdún 1974 ló gba iwájú ìwé lọ́wọ́ Biffo, béárì yẹn). Lókè, ẹnì kan ti fi pẹ́ńsù kọ "27", ìyẹn nọ́ńbà ilé tí ọmọ tó ń pín ìwé ìròyìn máa jù ú sí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Èyí dùn mọ́ mi gan-an. Mo ń ṣí i lọ, mo ń ṣí i lọ, àfi bí ìka mi ṣe gba inú ìwé kọjá sódì kejì. Ihò ni. Ihò onígun mẹ́rin tí wọ́n fi àlùmágàjí gé. Etí rẹ̀ rí págunpàgun níbi tí àlùmágàjí ti ń dúró, tó sì tún ń tẹ̀ síwájú, bí ọwọ́ ọmọ kékeré ṣe máa ń ṣe. Láti inú ihò yẹn ni mo ti ń wo ojú ìwé tó tẹ̀ lé e. Ìtàn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà ti bá a lọ. Ohun tó ṣẹ́ kù lára Ball Boy kò ju ṣóńṣó bàtà kan lọ, dúdú, ní igun ìsàlẹ̀.

Ohun tí ilé ìtajà yìí kọ sábẹ́ ọjà wọn rèé: "Ojú ìwé pé. Àmì pẹ́ńsù díẹ̀ níwájú." Wọ́n rí pẹ́ńsù. Wọn ò rí ihò tí mo lè ki ọwọ́ méjèèjì bọ̀.

Ta ni ò mọ Beano? Mi ò ní ṣàlàyé ìyẹn. Ball Boy ni mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀. Malcolm Judge ló ń yà á nígbà náà, ọkùnrin kan náà tó ti ń ya Billy Whizz láti ọdún 1964, ọmọ tí eré sísá rẹ̀ máa ń yí gbogbo àdúgbò po. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ fi máa kan bọ́ọ̀lù, ó ti mọ ẹsẹ̀ ẹ̀dá yà dáadáa. Ẹ wo ẹsẹ̀ àwọn ọmọ yẹn bí wọ́n ṣe ń sáré: tín-ín-rín ni, ṣùgbọ́n ẹ máa mọ èyí tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù àti èyí tó fẹ́ ṣubú.

Mọ́lẹ̀bí màmá wa kan tó ń kàwé n'Ílù Ọba ló máa ń kó wọn ránṣẹ́ sí wa nínú ọkọ̀ ojú omi. Oṣù tí wọ́n bá fi dé, a ò kà á sí. Ẹ̀gbọ́n mi á jókòó sórí pèpéle, á máa kà á sókè, àwa yòókù á rọ̀gbà yí i ká. Nínú àwọn kọ́míìkì yẹn, ẹ̀wù tí wọ́n bọ́ sílẹ̀ ni òpó gólù. Òkúta ni tiwa, bọ́ọ̀lù fẹ̀lẹ̀lẹ̀ la sì ń gbá. Èmi ni mo kéré jù, nítorí náà èmi ni wọ́n máa ń fi sójú gólù. Lọ́dún 1976 tí IICC, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ìbàdàn, gba ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà (Cup Winners' Cup) wá s'Íbàdàn, ẹ̀gbọ́n mi di Muda Lawal, agbábọ́ọ̀lù wọn, ní títì, ó di Ball Boy nínú ilé.

Ohun tó mú mi fẹ́ràn wọn ni pé kò sẹ́ni tó ń jáwé olúborí wọ́ọ́rọ́wọ́ nínú eré ìdárayá wọn. Bọ́ọ̀lù á gba fèrèsé aládùúgbò wọlé. Ajá á gbé e sá lọ. Bí wọ́n bá fi kíríkẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀, fèrèsé náà ló máa kangun sí. Minnie the Minx á gbá bọ́ọ̀lù láàárín àwọn ọmọkùnrin, á sì fi ìgbájú-ìgbámú kún un, inú èmi ọmọbìnrin tí wọ́n fi sójú gólù á dùn dé ẹ̀yìn ọrùn. Bí nǹkan bá yọrí sí rere, ẹ̀bùn wọn á jẹ́ òkè ọ̀dùnkún gígún, tí sọ́sééjì yọ jáde lára rẹ̀ bí ìwo àgbò. Scorcher yàtọ̀ síyẹn. Billy Dane, ọmọ ilé ìwé kan, á wọ bàtà àtijọ́ Dead-Shot Keen, gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù ayé ìgbà kan, àyà rẹ á máa já títí ó fi máa gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Hamish, òmìrán láti erékùṣù Hebrides ní Scotland, á gbá tirẹ̀ títí àwọ̀n á fi ya. Mo fẹ́ràn Hamish. Àmọ́ àdúgbò tiwa ni mo ń rí nínú Ball Boy.

Plug tó wà nínú páálí náà ya mí lẹ́nu. Ìwé márùndínlọ́gọ́rin péré ni wọ́n ṣe, láti 1977 sí 1979. Inú rẹ̀ ni Antchester United wà, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó jẹ́ pé èèrà ni gbogbo wọn. Nínú ìbínú tí mo wà yẹn, mo ka ojú ìwé àwọn èèrà yìí lẹ́ẹ̀mejì kí n tó kúrò nílé lọ síbi iṣẹ́ alẹ́.

Lọ́jọ́ kejì mo pè wọ́n. Ìṣẹ́jú méjìdínlógójì ni mo fi gbọ́ orin kan náà lórí fóònù. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé e, ó pe orúkọ mi lọ́nà mẹ́ta, ọ̀kan ò jọ ìkejì. Ó ní, "Màdáámù, ìwé yìí ti pé àádọ́ta ọdún, ẹ gbọ́dọ̀ máa retí àbàwọ́n." Mo ní tíì tó dà sórí ìwé ni àbàwọ́n, ohun tí kò sí níbẹ̀ kì í ṣe àbàwọ́n. Ó ní kí n ya fọ́tò. Mo ya mẹ́fà, mo fi rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò náà. Èsì rẹ̀ kò ju ìlà méjì lọ: àwọn á dá £5 padà, nítorí àwòrán kan ṣoṣo ló sọnù nínú ìwé ogún. Mo tún pè é. Mo ní bí kì í bá ṣe ti àwòrán kan ṣoṣo yẹn, mi ì bá má ra ìkankan nínú ogún náà. Ó ní bí mi ò bá fẹ́ £5, kí n fi owó ara mi dá ìwé náà padà. Ohùn rẹ̀ ò le, kò bú mi. Ó kàn ń sọ ọ́ bí ẹni ń ka ohun tó wà lára ògiri ni. Lọ́jọ́bọ̀ mo fi ránṣẹ́, £4.85, bàtà dúdú yẹn sì bá a lọ. Mo kábàámọ̀ ìyẹn di òní.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, bàbá àgbàlagbà kan ló pè mí látọ̀dọ̀ wọn. Ẹnikẹ́ni ò ní kó pè. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni, "Ẹ má bínú, èmi ni mo yẹ ìwé yẹn wò, mi ò yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa." Ó ṣàlàyé fún mi pé etí ìwé lòun máa ń kà, bí ẹni ń ka owó. Bí wọ́n bá fa odindi ìwé ya, òun á mọ̀. Bí wọ́n bá gé àárín, etí ìwé ṣì pé. Ó ní àwòrán bọ́ọ̀lù gan-an ni àwọn ọmọdé ìgbà yẹn máa ń gé jù, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìwé tàbí ògiri yàrá, àti pé òun náà gé tirẹ̀ nígbà tóun wà lọ́mọdé, torí náà òun ò ní àwáwí. Gbogbo ìbínú tí mo ti kó jọ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun kò rí ibi tó máa lọ.

Ó ní kí n dúró sórí fóònù. Mo gbọ́ tó ṣí ilẹ̀kùn, mo gbọ́ tó fa páálí. Ó wá ẹ̀dà mìíràn rí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ṣí i lọ́kọ̀ọ̀kan sí mi létí, ó ń dárúkọ wọn: Dennis, Minnie, àwọn ọmọ Bash Street. Ìwé yẹn ń dún fẹ̀rẹ̀-fẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀, mo sì gbọ́ tó rẹ́rìn-ín sínú. Ó ti ń kà á kó tó rántí pé mo wà níbẹ̀. "Ball Boy," ó ní. "Ó pé."

Ó sọ àléébù rẹ̀ fún mi kí n tó bèèrè: iwájú ya láti òkè dé àárín, téèpù àtijọ́ tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ ti di àwọ̀ ilẹ̀, kí n má ṣe ṣí i o, á fa ìwé ya. Ọjọ́ Ajé ló dé, ó wà láàárín páálí pẹlẹbẹ méjì, pẹ̀lú bébà kékeré tó fi ọwọ́ kọ: "Ojú ìwé gbogbo ni mo ṣí."

Àmọ́ ọjọ́ Sátidé ni ọjọ́ ìbí, ọjọ́ Àìkú sì ni arábìnrin tó ń lọ sílé ti wọ bàálù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí n tó rí ẹlòmíràn fi rán. £4.85 mi ò tíì padà wá títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Bàbá yẹn ní ọ́fíìsì ló ń rí sí owó, ọ́fíìsì sì ni ọ̀dọ́mọkùnrin ọjọ́sí.

Nígbà tó dé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi, ó pè mí lórí fídíò. Ó wà lórí ìdúró, awò ojú wà lórí imú rẹ̀, kò kí mi. Ó kà á tán lókè bó ṣe máa ń kà á lórí pèpéle. Lẹ́yìn náà ló wo ojú fóònù, ó ní, "Gólì!" Orúkọ tí wọ́n ń pè mí ládùúgbò nìyẹn. Kò pè mí bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti lọ́kọ.

"Bọ̀ọ̀dá mi," mo ní, "ẹ kú ọjọ́ ìbí o."

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Lánàá mo tún ra Beano mẹ́fà lọ́wọ́ wọn, mo sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé bàbá yẹn ni kó bá mi ṣí wọn wò.