Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó ń ta ìkànnì mọ́ orúkọ àwọn oníbàárà rẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra ìkànnì orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù ná kẹ́ ẹ tó sanwó. Owó tèmi ti bá ọ̀rọ̀ yìí lọ.

Ọkùnrin tó ta ìkànnì fún mi ní òun á fi íméèlì gbogbo àwọn tó forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ ṣe ènì. Ènì yẹn gan-an ló wọ̀ mí lójú. Nígbà tó fi fáìlì náà ránṣẹ́, mo ṣí i: orúkọ, íméèlì, nọ́ńbà fóònù, ó kún fọ́fọ́. Àmọ́ ibi tó yẹ kí ọjọ́ tí kálukú fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa kọ̀wé sí òun wà, òfìfo ni láti òkè délẹ̀. Mo rí i, mo sì gbójú fò ó. Mo kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ sí wọn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, obìnrin kan ti fèsì: "Ta ni yín? Mo ti ní kẹ́ ẹ yọ orúkọ mi kúrò láti èṣí!" Ọkùnrin yìí ti kó àwọn tó ti jáde padà sínú fáìlì, kó lè pọ̀ lójú mi. Ẹ̀sùn pọ̀ débi pé iléeṣẹ́ tó ń bá mi fi lẹ́tà ránṣẹ́ ti àkáǹtì mi pa. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo gbọ́ pé ọkùnrin yìí ti ta fáìlì kan náà fún ẹlòmíì.

Èyí tó dùn mí jù lọ ni ohun tí mo rí lórí Wayback Machine, níbi tí wọ́n ń tọ́jú ojú ewé àtijọ́ sí. Lábẹ́ ibi tí wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà: "A ò ní fún ẹnikẹ́ni ní àdírẹ́ẹ̀sì yín." Ọkùnrin yìí ti pa á rẹ́ kó tó polówó ọjà. Ìlérí yẹn ò tíì kú o, ọrùn mi ló bọ́ sí.

Òfin ò fojú kékeré wo irú èyí. Lọ́dún 2000, FTC, àjọ tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà, pe Toysmart, ṣọ́ọ̀bù ohun ìṣeré ọmọdé orí íntánẹ́ẹ̀tì, lẹ́jọ́ torí ó fẹ́ ta orúkọ oníbàárà tó ti ṣèlérí pé òun ò ní fún ẹnikẹ́ni. Ní Bavaria, ní Jámánì, lọ́dún 2015, wọ́n bu owó ìtanràn lé ẹni tó ta íméèlì oníbàárà ṣọ́ọ̀bù orí íntánẹ́ẹ̀tì àti ẹni tó rà á. Ẹni tó rà á náà! Òfin GDPR ti Yúróòpù, tó ń dáàbò bo ìsọfúnni nípa èèyàn, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní May 2018, ní kí ẹni tó gba dátà lọ́wọ́ ẹlòmíì sọ fún àwọn tó ni ín, ó pẹ́ tán, láàárín oṣù kan. Ìtanràn rẹ̀ lè tó mílíọ̀nù 20 owó yúrò, tàbí ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún iléeṣẹ́ náà lọ́dún, èyí tó bá pọ̀ jù.

Torí náà, ẹ ka ìlànà ìpamọ́ aṣírí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kì í ṣe ti òní nìkan. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tà fúnra rẹ̀ kọ̀wé sí àwọn èèyàn rẹ̀ pé ìkànnì fẹ́ bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì, kí ẹni tí kò bá fẹ́ lè jáde. Ẹ gba orúkọ àwọn tó ti jáde tẹ́lẹ̀ lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ má baà kọ̀wé sí wọn. Kó wà nínú ìwé àdéhùn pé ẹni tó ń tà kò ní í fi ẹ̀dà kankan pamọ́. Bó bá sì fi odidi fáìlì ránṣẹ́ kẹ́ ẹ lè "yẹ̀ ẹ́ wò" kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ sá, torí ẹ̀yin kọ́ lẹni àkọ́kọ́ tó fi hàn.

Ọkùnrin náà ṣì ń polówó ìkànnì míì, ènì yẹn náà ló sì ń pariwo. Ọjọ́ tí mo bi í léèrè ẹ̀rí pé àwọn èèyàn yẹn fọwọ́ sí i, ó dí nọ́ńbà mi pa.