Káàdì Wo Ni Kí Ẹ Mú Dání Lọ Sí Òkè Òkun? Ìfiwéra Káàdì Báǹkì àti Káàdì Ìrìn-àjò

Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ bi báǹkì nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gba káàdì tí wọn yóò máa ná lókè òkun ni bóyá káàdì náà máa ń gba owó iṣẹ́. Ìbéèrè náà dára, ṣùgbọ́n kò tó, nítorí pé káàdì kan lè kọ ọ́ gàdàgbà sí ara ìpolówó rẹ̀ pé òun kì í gba owó iṣẹ́ kankan, kí ó sì jẹ́ pé inú iye tí ó fi ń ṣẹ́ owó ni ó ti ń jẹ èrè tirẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí a béèrè ni pé: bí mo bá ra ọjà 100 ní owó ilẹ̀ ibẹ̀, èló ni yóò kúrò nínú àkáǹtì mi nígbà tí gbogbo ẹni tí ó lọ́wọ́ sí i bá ti mú tirẹ̀ tán? Ìbéèrè yìí ni mo fi wọn oríṣi káàdì mẹ́rin tí mo gbé sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn níhìn-ín.

Àwọn tí ń mú nínú owó náà

Ẹni àkọ́kọ́ ni ilé-iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà ní igun káàdì, bíi Visa tàbí Mastercard. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ iye tí wọn yóò fi ṣẹ́ owó ilẹ̀ kan sí ti òmíràn, wọ́n sì ń gbé e sí orí íntánẹ́ẹ̀tì níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè ṣírò rẹ̀ wò. Iye tiwọn kì í sábà jìnnà sí iye tí àwọn báǹkì ńlá fi ń ra owó lọ́wọ́ ara wọn, èyí tí mo máa pè ní iye àárín, nítorí pé àárín iye tí wọ́n ń rà á àti iye tí wọ́n ń tà á ni ó wà. Ẹnì kejì ni báǹkì tí ó fún yín ní káàdì. Báǹkì yìí lè bu owó ìnáwó lókè òkun lé e, ó sì wọ́pọ̀ kí ìyẹn jẹ́ 1% sí 3%. Ẹnì kẹta ni ẹni tí ó ni ẹ̀rọ POS tàbí ẹ̀rọ ATM tí ẹ lò. Òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ó lè jẹ owó yín jù.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ẹnì kẹta yìí, nítorí pé ó ti jẹ mí rí. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfurufú, tí oorun ń kùn mí, ẹni tí ó ń gba àlejò ní òtẹ́ẹ̀lì kan na POS sí mi. Iye méjì ni ó wà lójú ẹ̀rọ náà: ọ̀kan ní owó ilẹ̀ ibẹ̀, èkejì ní owó ilẹ̀ mi. Mo tẹ èyí tí ó yé mi. Ìgbà tí mo padà dé ilé ni mo tó wo rìsíìtì náà dáadáa, tí mo rí i ní ìsàlẹ̀, ní lẹ́tà tí ó kéré ju gbogbo ìyókù lọ, pé wọ́n ti fi 6% lé iye tí wọ́n fi ṣẹ́ owó náà. Káàdì tí mo lò kì í gba owó ìnáwó lókè òkun rárá. Àǹfààní yẹn kò dé ọ̀dọ̀ mi, nítorí pé ẹlòmíràn ti bá mi ṣẹ́ owó náà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ báǹkì mi. Àwọn báǹkì kan tilẹ̀ wà tí wọ́n ṣì máa ń yọ owó ìnáwó lókè òkun tiwọn lẹ́yìn èyí, nítorí pé òkè òkun ni ṣọ́ọ̀bù náà wà, owó yòówù tí wọn ì báà fi kọ ọ́.

Nítorí náà, owó ilẹ̀ ibẹ̀ ni kí ẹ máa yàn nígbà gbogbo, ì báà jẹ́ lójú POS, ì báà jẹ́ lẹ́nu ATM. Lẹ́nu ATM, ọ̀rọ̀ tí ó máa ń jáde sí ojú ẹ̀rọ lè mú kí ẹ rò pé bí ẹ kò bá gba iye tí ó fi lọ̀ yín, kò ní fún yín lówó. Ẹ kọ̀ ọ́. Owó yóò ṣì jáde, báǹkì yín ni yóò sì ṣẹ́ ẹ. Ní àwọn orílẹ̀-èdè inú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, òfin kan tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2020 mú un ní dandan pé kí wọ́n fi hàn oníbàárà, ní ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, bí iye tí wọ́n fẹ́ fi ṣẹ́ owó rẹ̀ ṣe ga ju ti Báǹkì Àpapọ̀ Yúróòpù lọ. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ ka ojú ẹ̀rọ níbẹ̀ yóò rí i.

Káàdì mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

Káàdì àkáǹtì ni ọ̀pọ̀ wa ti ní lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀: ẹ ná an, owó sì kúrò nínú àkáǹtì báǹkì yín lójú ẹsẹ̀. Àǹfààní rẹ̀ ni pé kò sí gbèsè, kò sì sí èlé. Àléébù rẹ̀ ni pé òun ni ó sábà máa ń gba owó méjì pọ̀ bí a bá fi gba kéèṣì: ìdá kan lórí iye tí a gbà, àti owó kan pàtó fún ìgbà kọ̀ọ̀kan tí a bá kan ATM. Ẹni tí ó ni ATM náà tún lè gba tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ìdí nìyí tí ó fi sàn kí ènìyàn gba kéèṣì tí ó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ju kí ó máa gbà á ní díẹ̀díẹ̀ lọ, bí ibi tí yóò fi pamọ́ sí bá dájú.

Káàdì àwìn yàtọ̀ pátápátá. Owó báǹkì ni ẹ ń ná, ẹ ó sì san án padà nígbà tí ìwé ìṣirò bá dé. Bí ẹ bá san gbogbo rẹ̀ tán kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó pé, wọn kì í sábà gba èlé lórí ọjà tí ẹ rà. Ṣùgbọ́n kéèṣì kò sí nínú oore yìí. Ọjọ́ tí ẹ bá fi káàdì àwìn gba kéèṣì gan-an ni èlé ti ń bẹ̀rẹ̀ sí ka, wọn yóò sì tún gba owó ìyáwó lé e lórí. Ibi tí káàdì àwìn ti borí gbogbo ìyókù ni ààbò. Ní Amẹ́ríkà, bí ẹnì kan bá jí káàdì àwìn ná, òfin kò jẹ́ kí ohun tí oníkáàdì yóò fara gbá ju $50 lọ. Bí ó bá jẹ́ káàdì àkáǹtì, $50 náà ni bí ó bá fi tó báǹkì létí láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 2 tí ó ti mọ̀, ṣùgbọ́n ó lè di $500, tàbí kí ó tilẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí ó bá pẹ́ jù. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1974 sọ pé bí iye ọjà tí ènìyàn fi káàdì àwìn rà bá ju £100 lọ, tí kò sì kọjá £30,000, ilé-iṣẹ́ tí ó fún un ní káàdì náà yóò bá ẹni tí ó tà á pín ẹ̀bi bí ọjà náà kò bá dé tàbí tí kò bá rí bí wọ́n ṣe ṣe àlàyé rẹ̀. Yàtọ̀ sí òfin, ọ̀ràn kan wà tí ojú lásán rí: bí olè bá ná káàdì àwìn yín, owó báǹkì ni ẹ jọ ń bá ara yín fà, bí ó bá ná káàdì àkáǹtì, owó oúnjẹ yín ni kò sí lọ́wọ́ yín títí wọn yóò fi parí ìwádìí.

Káàdì ìrìn-àjò tí a ń kó owó sí kí a tó kúrò nílé ni ẹ̀kẹta. Ohun tí wọ́n fi ń tà á ni ìfọ̀kànbalẹ̀: iye tí wọ́n fi ṣẹ́ owó náà lọ́jọ́ tí ẹ kó o sí i kò ní yí padà mọ́, bí owó ilẹ̀ yín tilẹ̀ já wálẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n fi ṣẹ́ ẹ yẹn gan-an sábà máa ń jìnnà sí iye àárín, àwọn kan ń gba owó nígbà tí ẹ bá ń kó owó sí i, òmíràn ń gbà á nígbà tí ẹ bá fẹ́ kó èyí tí ó ṣẹ́kù jáde, òmíràn sì ń yọ díẹ̀ lóṣooṣù bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀.

Ẹ̀kẹrin ni káàdì àkáǹtì onírúurú owó, irú èyí tí Wise àti Revolut ń ṣe. Wise ni ó dàgbà jù nínú àwọn méjèèjì: TransferWise ni wọ́n ń pè é nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 2011, kí ó tó yí orúkọ padà ní 2021, nígbà tí Revolut bẹ̀rẹ̀ ní 2015. Nínú irú àkáǹtì yìí, ènìyàn lè ní owó ilẹ̀ púpọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ó máa wo iye lórí fóònù, kí ó sì ṣẹ́ ẹ nígbà tí ó bá wù ú. Owó tí wọ́n ń gbà sábà máa ń kéré, wọ́n sì máa ń fi hàn kí ẹ tó gbà. Ẹ ṣọ́ ohun mẹ́ta lọ́dọ̀ wọn. Kéèṣì tí a lè gbà lófẹ̀ẹ́ lóṣù máa ń ní ààlà. Àwọn kan nínú wọn máa ń fi owó kún iye wọn ní òpin ọ̀sẹ̀, nígbà tí ọjà ìpàṣípààrọ̀ owó bá ti tì. Bákan náà, níbi tí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò bá ti ní ìwé àṣẹ báǹkì, wọ́n ń ya owó oníbàárà sọ́tọ̀ ni, èyí kò sì dọ́gba pẹ̀lú ìdánilójú tí ìjọba ń ṣe fún owó tí ó wà ní báǹkì. N kò ní kó gbogbo owó tí mo fi pamọ́ láyé síbẹ̀. Owó ìrìn-àjò nìkan ni mo ń kó síbẹ̀.

Kí a fi ìṣirò wò ó

Ẹ jẹ́ kí a mú ẹnì kan tí ó ra ọjà 1,000, tí ó sì gba kéèṣì 200, kí a sì lo iye tí ó lè ṣẹlẹ̀ láìdárúkọ ilé-iṣẹ́ kankan. Bí káàdì àkáǹtì rẹ̀ bá ń gba 3% àti 5 fún ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ó bá kan ATM, tí ó sì kàn án nígbà mẹ́rin, yóò san 36 àti 20, ìyẹn 56. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni ó gba 200 náà, yóò dín kù sí 41. Káàdì àwìn tí kì í gba owó ìnáwó lókè òkun kò ní gba nǹkan kan lórí 1,000 tí ó fi rajà, ṣùgbọ́n yóò gba 6 lórí kéèṣì bí owó ìyáwó bá jẹ́ 3%, èlé yóò sì máa gùn ún lójoojúmọ́. Káàdì ìrìn-àjò tí iye rẹ̀ fi 4% burú ju iye àárín lọ yóò jẹ 48. Bí ó bá sì jẹ́ pé 1,400 ni ó kó sí i láti fi sọ́ra, tí 200 ṣẹ́kù tí wọ́n tún fi irú iye bẹ́ẹ̀ ṣẹ́ padà, ó ti di 64. Káàdì onírúurú owó tí ń gba 0.5% yóò jẹ 6, bí kéèṣì náà kò bá kọjá ààlà ọ̀fẹ́.

Bí a bá wo èyí nìkan, kò sí àríyànjiyàn mọ́. Ṣùgbọ́n owó kọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀.

Ohun tí iye kò lè sọ

Òtẹ́ẹ̀lì àti àwọn tí ń fi mọ́tò háyà máa ń di owó kan mú lórí káàdì kí wọ́n tó fún yín ní kọ́kọ́rọ́. Lórí káàdì àwìn, ààyè àwìn yín ni wọ́n dì mú. Lórí káàdì àkáǹtì tàbí ti onírúurú owó, owó yín gan-an ni, ó sì lè gba ọjọ́ púpọ̀ kí wọ́n tó tú u sílẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti dá mọ́tò padà. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń háyà mọ́tò ni kì í tilẹ̀ gba káàdì tí a ń kó owó sí.

Ẹ wo igun káàdì pẹ̀lú. Visa àti Mastercard ni wọ́n ń gbà jù káàkiri ayé. Àwọn ṣọ́ọ̀bù tí kì í gba American Express pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmì Plus lára ATM jẹ́ ti Visa, Cirrus sì jẹ́ ti Mastercard.

Ọ̀ràn OTP ni mo rí tí ó ń dá àwọn arìnrìn-àjò lóró jù. Bí ẹ bá fẹ́ fi káàdì ra tíkẹ́ẹ̀tì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, báǹkì lè fi nọ́ńbà ìfìdímúlẹ̀ ránṣẹ́ sí líìnì tí ẹ ń lò nílé, líìnì tí ẹ ti yọ kúrò nínú fóònù láti fi ti ilẹ̀ ibẹ̀ síbẹ̀. Káàdì tí ó ń jẹ́ kí ẹ fi ọwọ́ sí i nínú áàpù rẹ̀ láìdúró de àtẹ̀jíṣẹ́ sàn ju èyí tí owó tí ó ń gbà fi díẹ̀ kéré sí i lọ, lójú tèmi.

Èyí tí mo yàn

Bí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan ṣoṣo, n kò ní gbà, nítorí pé ẹ̀rọ lè gbé káàdì mì, káàdì sì lè sọnù. Káàdì onírúurú owó ni mo fi ń rajà ojoojúmọ́ tí mo sì fi ń gba kéèṣì. Káàdì àwìn tí kì í gba owó ìnáwó lókè òkun ni mo fi ń san òtẹ́ẹ̀lì, mọ́tò àti tíkẹ́ẹ̀tì olówó ńlá, n kì í sì í mú un sún mọ́ ATM. Káàdì àkáǹtì báǹkì mi wà nínú àpótí, kì í ṣe nínú wọ́lẹ́ẹ̀tì kan náà, mo sì máa ń rí i pé kì í ṣe ilé-iṣẹ́ kan náà ni ó wà ní igun gbogbo wọn. Ẹni tí kò bá rí káàdì àwìn gbà, tàbí tí ó fẹ́ fún ọmọ rẹ̀ ní owó tí kò ní kọjá iye kan, lè rí ìlò nínú káàdì tí a ń kó owó sí, bí ó bá ti wo iye tí wọ́n fi ń ṣẹ́ owó pẹ̀lú iye àárín lọ́jọ́ náà.

Kí ẹ tó gbéra, ẹ fi káàdì tuntun ra nǹkan kékeré kan nílé, kí ẹ lè mọ̀ pé PIN rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, kí ẹ sì da nọ́ńbà tí ó wà lẹ́yìn káàdì kọ̀ọ̀kan kọ sínú ìwé lọ́tọ̀, nítorí pé ọjọ́ tí káàdì bá sọnù, òun àti nọ́ńbà tí à bá fi pe báǹkì ni wọ́n jọ ń lọ.