Ọ̀pá Oparun tàbí Ọ̀pá Oníríìlì: Ìfiwéra Ohun Èlò Ìpẹja fún Ìdílé ní Àkúrẹ́

Ọ̀pọ̀ òbí ní Àkúrẹ́ tí ó fẹ́ kí àwọn ọmọ gbé fóònù sílẹ̀ ní Sátidé, kí wọ́n sì bá òun lọ sí etí omi, máa ń kọ́kọ́ yà sí ilé ìtajà, níbi tí àwọn ọ̀pá ìpẹja aláwọ̀ mèremère ti tò lọ bẹẹrẹ. Kí owó tó jáde lápò, ó yẹ kí a gbé àwọn ohun èlò wọ̀nyí sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí a sì yẹ̀ wọ́n wò gẹ́gẹ́ bí ọwọ́ ọmọdé yóò ṣe lò wọ́n. Èrò tèmi, tí mo sì dúró lé lórí gidigidi, ni pé ọ̀pá oparun ni ó yẹ kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 10 fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fi owó tí ó bá ṣẹ́kù ra ẹ̀wù ìléfòó gidi fún un.

Ọ̀pá mẹ́ta

Ọ̀pá oparun kò ní ẹ̀rọ kankan. Ẹ ó wá èyí tí ó gùn tó mítà 3, tí ìdí rẹ̀ kò tóbi ju ohun tí ọwọ́ ọmọ lè gbá mú lọ, ẹ ó sì so okùn náílọ́ọ̀nù mọ́ ṣóńṣó rẹ̀, kí gígùn okùn náà má ju ti ọ̀pá lọ. Ohun kékeré tí yóò máa léfòó, òjé díẹ̀ àti ìwọ̀ kan ṣoṣo ni ó kù. Nígbà tí ẹja bá fà á, ọmọ yóò gbọ́ ọ ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ohun tí yóò mú kí ó fẹ́ padà wá sì nìyẹn. Àléébù rẹ̀ ni pé a kò lè fi ju ìwọ̀ jìnnà, kò rọrùn láti gbé wọ ọkọ̀, oparun tútù sì wúwo. Èyí tí a ti sá gbẹ sínú ibòji ni kí ẹ rà.

Ọ̀pá kejì ni èyí tí ó ń wọ inú ara rẹ̀, tí a lè kó sínú àpò ilé ìwé. Ìwà kan náà ni òun àti oparun ń hù lójú omi, ṣùgbọ́n ó fúyẹ́ jù ú lọ. Ẹ bi olùtajà bóyá fibreglass ni tàbí carbon. Fibreglass wúwo díẹ̀, ó sì máa ń tẹ̀ láìṣẹ́. Carbon fúyẹ́, ṣùgbọ́n bí ó bá forí sọ òkúta, ó lè sán, iná mànàmáná sì máa ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ìdí nìyí tí a kò fi gbọ́dọ̀ nà án sókè lábẹ́ wáyà iná tàbí nígbà tí àrá bá ń sán, wáyà iná sì kọjá lórí ọ̀pọ̀ etí omi wa. Fún ọmọdé, fibreglass ni kí ẹ mú.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀pá oníríìlì, ìyẹn èyí tí ó ní ẹ̀rọ kékeré tí ń ká okùn. Oríṣi ríìlì méjì ni ẹ ó bá pàdé jù. Ọ̀kan ní ìdérí, ó sì ní bọ́tìnnì tí ọmọ yóò fi àtàǹpàkò tẹ̀, tí yóò sì jọ̀wọ́ nígbà tí ó bá ń ju ìwọ̀. Èkejì ṣí sílẹ̀, ẹwà rẹ̀ pọ̀, agbára rẹ̀ sì pọ̀, ṣùgbọ́n okùn rẹ̀ tètè máa ń díjú lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n lò. Onídèérí ni kí ọmọ kọ́kọ́ lò, lórí ọ̀pá tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà 5 lọ. Kí ẹ tó sanwó, ẹ yí ọwọ́ ríìlì náà, kí ẹ sì tẹ́tí sí i: bí ó bá ń há tàbí tí ó ń dún gbangban, ẹ dá a padà sórí àtẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ fa okùn rẹ̀. Ó yẹ kí ó máa jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, kí ó má máa fò. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ya àwòrán eré ọmọdé sí lára ni kì í yege nínú ìdánwò yìí, nítorí ike ni eyín inú rẹ̀. Ọ̀pá yìí tó rà nígbà tí ọmọ bá fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ibi tí ẹja wà jìnnà ju ibi tí oparun òun dé lọ.

Ìwọ̀ tẹ̀lé ibi tí ẹ ń lọ

Nọ́ńbà ara ìwọ̀ máa ń ṣi òǹrajà lọ́nà, nítorí pé ìwọ̀ nọ́ńbà 10 kéré ju nọ́ńbà 4 lọ. Ẹnu epìyà kéré, ojú mọmọ ni ó sì máa ń jẹun, nítorí náà nọ́ńbà 8 tàbí 10 bá ìdílé tí ń lọ sí odò ní ọ̀sán mu, pẹ̀lú ẹ̀kòló tàbí búrẹ́dì tí a pò mọ́ra. Àrọ̀ inú odò fẹ́ràn òkùnkùn, ìyẹn kì í sì í ṣe àkókò ọmọdé. Àrọ̀ inú adágún àwọn tí ń sin ẹja yàtọ̀, nítorí pé ó ti mọ́ ọn lára kí wọ́n máa fún un lóúnjẹ lójúmọmọ. Fún un, ẹ ra nọ́ńbà 2 àti okùn tí ó lè gbé kílò 5. Ẹ fi pùláyà tẹ ẹ̀gún kékeré tí ó wà lẹ́nu ìwọ̀ náà pa, kí ó lè rọrùn láti yọ, ìbáà jẹ́ lẹ́nu ẹja tàbí ní ìka ọmọ. Ẹ mú tówẹ̀lì àtijọ́ dání pẹ̀lú: àrọ̀ ní ẹ̀gún líle ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, lẹ́yìn orí, ó sì máa ń nà án síta gbọnrangandan nígbà tí a bá gbá a mú.

Ní ti ibi tí a ó lọ, Odò Àlà tí ó gba àárín ìlú kọjá kò yẹ fún ọmọdé, nítorí ìdọ̀tí ń ṣàn wọ inú rẹ̀, ó sì máa ń kún ní àsìkò òjò. Àwọn tí ń sin àrọ̀ pọ̀ ní Àkúrẹ́ àti agbègbè rẹ̀. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn, kí ẹ sì san owó ẹja tí ọmọ bá mú. Èyí ni mo yàn ju etí odò lọ fún ìgbà àkọ́kọ́. Bí ẹ bá lọ sí odò, ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ wọ inú omi, nítorí àrùn àtọ̀sí ajá wà ní ìpínlẹ̀ Òndó, láti ara ìgbín inú omi ni kòkòrò rẹ̀ sì ti ń jáde, tí ó ń gba awọ ara wọlé. Orí ilẹ̀ gbígbẹ ni kí wọ́n ti pẹja, pẹ̀lú bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀.

Ẹ̀wù ìléfòó

Níbí ni mo ti bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe wá èyí tí ó pọ́ọ́kú jù. Rọ́bà tí a ń fẹ́ atẹ́gùn sí, tí a sì ń kì bọ apá, ohun ìṣeré ni. Bí ó bá lu, ó parí. Ẹ̀wù oní-fóòmù, èyí tí a ń pè ní life jacket, kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣe ohunkóhun kí ó tó ṣiṣẹ́. Ẹ wo nọ́ńbà tí ó wà nínú rẹ̀: èyí tí a kọ 50 sí wà fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n wẹ̀, nígbà tí 100 wà fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀, ó sì ní kọ́là tí ń gbé orí ọmọ sókè. Ìwọ̀n kílò tí ẹ̀wù náà wà fún ni kí ẹ fi ra á. Ẹ má ra èyí tí ó tóbi nítorí pé ọmọ yóò dàgbà bá a. Ẹ wọ̀ ọ́ fún un níbẹ̀, ẹ de gbogbo okùn rẹ̀, títí kan èyí tí ó gba abẹ́ ìtan, kí ẹ sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé èjìká ẹ̀wù náà sókè. Bí ó bá gòkè dé etí ọmọ, kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹja tàbí òkè?

Àwọn kan yóò béèrè bóyá kò sàn kí a fi owó yìí ra ohun èlò tí a ó fi gun Òkè Ìdànrè, tí àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 600. Bí ọmọ yín kò bá lè jókòó jẹ́ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni: bàtà tí ìdí rẹ̀ kì í yọ̀ àti ìgò omi tó. Bí ẹ bá fẹ́ fi awò awọ̀nàjíjìn kún un, èyí tí a kọ 8 sí ṣáájú ni kí ẹ rà dípò 10, nítorí ọwọ́ ọmọdé máa ń gbọ̀n, ohun tí ó ń wò yóò sì máa gbọ̀n pẹ̀lú.

Bí ọmọ bá jẹ́ méjì, tí ẹ̀gbọ́n ti kọjá ọdún 10, wọ́n lè pín ìwọ̀, òjé àti ọ̀pá kan ṣoṣo lò ní ọdún àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n oníkálukú wọn gbọ́dọ̀ ní ẹ̀wù ìléfòó tirẹ̀.