Ẹ gbọ́ ti afẹ́fẹ́ òru kí ẹ tó gba àyè ní Watchman

Gbogbo ẹni tó bá ti dé ibùdó àgọ́ Watchman ní páàkì Zion, ní Utah, ló máa ń ròyìn àpáta pupa, odò Virgin tó ń ṣàn lẹ́bàá àgọ́, àti àgbọ̀nrín tí kì í sá fún ènìyàn. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó máa pinnu bóyá ẹ máa rí oorun sùn ni afẹ́fẹ́ tó ń jáde látinú àfonífojì náà lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, òun gan-an ni wọn kì í dárúkọ. Òun ló jẹ́ kí n máa kọ èyí.

Ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, ilẹ̀ pa rọ́rọ́, ewé kan ò mì. Kò pẹ́ sígbà náà ni afẹ́fẹ́ dé láti apá àríwá, kò sì dé díẹ̀díẹ̀. Aṣọ òde àgọ́ wa gbè sókè lápá kan, èèkàn mẹ́ta tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan nínú wọn fò kọjá orí tábìlì. Ọ̀pá tó gba àárín kọjá tẹ̀, tẹ̀, ó sì là níbi oríkèé rẹ̀. Àgọ́ wó lé àwọn tó wà nínú rẹ̀ lórí. Ní àyè kejì sí tiwa, àwọn kan jókòó ti sítóòfù wọn, wọ́n ń mu tíì bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Àgọ́ tiwọn dúró gbọn-in.

Ìdí tí afẹ́fẹ́ fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò ṣòro. Ilẹ̀ gíga wà lókè àfonífojì. Tí alẹ́ bá lẹ́, tí ojú ọ̀run mọ́ tí kò sí ìkúùkù, ilẹ̀ òkè yẹn á yára tutù, afẹ́fẹ́ tó wà lórí rẹ̀ á tutù pẹ̀lú, á wúwo, á sì máa ṣàn wá sísàlẹ̀ gba ojú ọ̀nà tí odò gbà. Àfonífojì Zion tóóró, ògiri àpáta rẹ̀ sì ga gan-an. Ẹnu ibi tó ti ń jáde sí gbangba ni Watchman wà. Nítorí náà, alẹ́ tó mọ́ jù, tí ìràwọ̀ pọ̀ jù, tí gbogbo ènìyàn ń yọ̀ sí, òun ni kí ẹ fura sí.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti èèkàn. Àgọ́ náà, yíyá la yá a ní ṣọ́ọ̀bù kan nínú ìlú ńlá tí ọkọ̀ òfúrufú sọ̀ sí. Mi ò ní dárúkọ wọn. Ọmọkùnrin tó wà lẹ́yìn káńtà sọ pé àgọ́ yìí lè dúró nínú ìjì. A bi í pé èèkàn mélòó ló wà nínú àpò, ó ní, “Ó pé.” Ibi mẹ́rìnlá ni wọ́n rán sára àgọ́ yẹn láti so ó mọ́lẹ̀: mẹ́jọ nísàlẹ̀, mẹ́fà fún okùn tó ń fà á láti òkè. Èèkàn tó wà nínú àpò jẹ́ mẹ́fà péré, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n tẹ̀ lórí. Okùn méjì ló kù nínú mẹ́fà. Ẹni tó bá fún ènìyàn ní irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lọ sí aṣálẹ̀, tó tún fi ẹ̀rín sin ín dé ẹnu ọ̀nà, mi ò mọ ohun tí a lè pè é.

Ilẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ tí wáyà ń ṣiṣẹ́ sí. Iyanrìn ló wà lókè, kò di nǹkan mú. Òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ ló wà nísàlẹ̀, ibẹ̀ ni wáyà ti ń ká. Ẹ ó rò pé ó ti wọlé, àṣé ó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni.

Ìgbà tí a ṣì ń lé aṣọ òde kiri ni tọ́ọ̀ṣì kan yọ lójú ọ̀nà. Ìyá àgbà kan ni, ọ̀kan nínú àwọn tí ń fi ọ̀fẹ́ ṣiṣẹ́ ní ibùdó náà, tí wọ́n ń gbé inú mọ́tò wọn níbẹ̀ láti máa ran àwọn àlejò lọ́wọ́. Kò bá wa wí. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ ni pé: “Ẹ sọ ọ̀pá kalẹ̀ ná. Àgọ́ tó bá dùbúlẹ̀ kò ní fò.” A sọ ọ́ kalẹ̀. Ó na tọ́ọ̀ṣì sí èèkàn ọwọ́ wa, ó ní, “Ta ló kó abẹ́rẹ́ fún yín?” Ó padà sí mọ́tò rẹ̀, ó gbé hámà kan dé pẹ̀lú báàgì èèkàn irin tí gígùn wọn tó 30 sẹ̀ǹtímítà, orí wọn sì nípọn bí ti ìṣó ńlá.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà, mo máa to ó bó ṣe tò ó, torí ó wúlò ju gbogbo ìwé tó wà nínú àpò àgọ́ lọ.

Ó kọ́kọ́ yí àgọ́ padà. Orí tó tóóró ló kọ sí àríwá, ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀. Ẹnu ọ̀nà ló kọ sí gúúsù. Tí ẹgbẹ́ gbọọrọ bá kọjú sí afẹ́fẹ́, ìgbòkun ọkọ̀ ojú omi lẹ ta yẹn, ẹ ò tíì pàgọ́. Ó kan igun méjì ti àríwá mọ́lẹ̀ kí ọ̀pá kankan tó gòkè. Èèkàn kò wọlé lóòró: ó dẹ orí rẹ̀ sẹ́yìn kúrò lọ́dọ̀ àgọ́, ẹnu rẹ̀ sì lọ sí abẹ́ àgọ́, kí okùn má bàa yọ́ kúrò lórí rẹ̀. Ó gbá a títí orí rẹ̀ fi kan ilẹ̀, torí èèkàn tó bá yọrí sókè ní ìka mẹ́rin, afẹ́fẹ́ á máa fi okùn mì ín títí tí ihò á fi gbòòrò.

Fún ọ̀pá tó là, ìyá náà ní páìpù alumíníọ̀mù kékeré kan, kò ju 15 sẹ̀ǹtímítà lọ. Ó tọ́ ojú ibi tó là, ó ti páìpù náà dé orí rẹ̀ kí àárín páìpù lè bọ́ sí ojú ibi tó là gan-an, ó wá fi téèpù di orí méjèèjì. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọ̀pá fáíbà máa ń là níbi oríkèé tí ẹnìkan bá ti so ó pọ̀ láìtì í wọlé dópin. Ó ní ti ọ̀pá yìí kì í ṣe ti alẹ́ ọjọ́ náà, ó ti sán tẹ́lẹ̀. Ó tan iná sí i ká rí i: ìlà ìdọ̀tí dúdú ti wọ inú ibi tó sán. Ìdọ̀tí kì í wọ ojú ọgbẹ́ tuntun báyẹn.

Okùn méjì tó kù, a fẹ́ so wọ́n mọ́ igi. Ó kọ̀. Igi kọ́tìnwúùdù ló pọ̀ létí odò yẹn, ẹ̀ka wọn tó ti gbó máa ń já bọ́ láìròtẹ́lẹ̀. Ó tún ní ká má gbẹ́ ilẹ̀ rárá. Ó ní ká gbé kẹ́ẹ̀gì wa lọ síbi ẹ̀rọ omi. Kẹ́ẹ̀gì oní-20 lítà tí omi kún jẹ́ 20 kílò. A gbé e sídìí igun, a so okùn mọ́ ọwọ́ rẹ̀ nísàlẹ̀-nísàlẹ̀. Okùn kejì, táyà mọ́tò la so ó mọ́, a sì so aṣọ funfun mọ́ ọn kí ẹnikẹ́ni má kọsẹ̀. Afẹ́fẹ́ fẹ́ títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Kò tún sí ohun tó yọ.

Ìyá yìí kò gba kọ́bọ̀. Ó ní ká fi èèkàn rẹ̀ síwájú mọ́tò rẹ̀ tí a bá ń lọ, ká sì to gbogbo wọn síbi kan náà, kí ọ̀kan má lọ gún táyà ẹlòmíì.

Ibùdó náà fúnra rẹ̀ dára. Wọn ò gba jẹnẹrétọ̀ láyè níbẹ̀, ohun tó jẹ́ kí alẹ́ dákẹ́ nìyẹn (afẹ́fẹ́ àti odò nìkan ni ẹ ó máa gbọ́). Láti ọdún 2021 ni Zion ti wà lára àwọn ibi tí a mọ̀ ní gbogbo àgbáyé fún òkùnkùn ojú ọ̀run, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀ tí ẹ bá gbójú sókè. Ẹsẹ̀ lẹ máa fi rìn dé ibi tí bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ ti ń gbé èrò wọ inú àfonífojì. Ní àsìkò tí bọ́ọ̀sì náà ń ṣiṣẹ́, wọn kì í jẹ́ kí mọ́tò aládàáni gba ọ̀nà náà, nítorí èyí, ẹni tó sùn ní Watchman ti ṣáájú ẹni tó ń wá ibi tó máa gbé mọ́tò sí láàárọ̀.

Odò ńkọ́? Ẹ gbọ́ omi rẹ̀, ẹ wò ó, ẹ má mu ún. Láti ọdún 2020 ni wọ́n ti rí kòkòrò àìfojúrí kan (cyanobacteria) tí ń so mọ́ òkúta inú odò náà, oró rẹ̀ sì léwu. Àsẹ́ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi kò lè yọ oró náà, sísè náà kò sì ràn án. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ ki orí bọ omi, ẹ má sì jẹ́ kí ajá lá a. Omi ẹ̀rọ wà nínú ibùdó, ó mọ́. Láti àárín oṣù keje títí di oṣù kẹsàn-án, òjò tó rọ̀ níbi tó jìnnà lókè lè mú àgbàrá ya wọ inú àfonífojì nígbà tí oòrùn ṣì ń ràn lórí yín. Tí omi bá ṣàdédé pọ́n, tí igi wẹ́wẹ́ sì ń léfòó bọ̀, ẹ gòkè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Páàkì máa ń kéde bí ewu ọjọ́ náà ṣe tó. Ẹ kà á kí ẹ tó wọlé.

Oúnjẹ: ibẹ̀ ga tó nǹkan bí 1,200 mítà, omi á ti máa hó ní bíi 96 dípò 100, torí náà ẹ̀wà á pẹ́ lórí iná, gáàsì á sì tán. Ẹ sè é délé kí ẹ tó wá, tàbí kí ẹ gbé gààrí. Nínú ooru ọ̀sán tó lè ju 38 lọ, gààrí tí a rẹ sínú omi tútù ló gbayì jù. Ẹ má fi ohun tó ń dá afẹ́fẹ́ dúró yí agolo gáàsì po. Tí agolo bá gbóná ju bó ti yẹ, ó lè bú. Ẹja gbígbẹ, inú mọ́tò ni kó máa gbé. Ọ̀kẹ́rẹ́ ibẹ̀ kò bẹ̀rù ènìyàn, wọ́n ń gé àpò jẹ, wọ́n sì ń géni jẹ. Ẹ mú òrí dání fún ètè.

Balùwẹ̀ kò sí. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ń lo omi wà, ó mọ́, ṣùgbọ́n ẹ máa lọ sanwó wẹ̀ ní Springdale, ìlú kékeré tó wà lẹ́nu ọ̀nà páàkì.

Ẹni tó bá fẹ́ gba àyè, oṣù mẹ́fà ṣáájú ni wọ́n ń ṣí i lórí Recreation.gov, aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ti Utah. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni ti Lọ́ńdọ̀nù. Ní Èkó, aago mẹ́ta ni nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, mẹ́rin ni nígbà òtútù wọn. Ẹ wo fọ́tò àyè kọ̀ọ̀kan: òjìji tó wà níhà ìwọ̀-oòrùn ni kí ẹ wá, torí oòrùn ọ̀sán ló ń pani. Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ láti Nàìjíríà tàbí Gẹ̀ẹ́sì, láti January 2026, ẹni tí kì í ṣe olùgbé Amẹ́ríkà, tó ti pé ọdún 16, ń san $100 lé owó ìwọlé ní páàkì 11, Zion sì wà lára wọn. Káàdì ọlọ́dún kan tó jẹ́ $250 lè sàn fún yín tí ẹ bá máa dé ju páàkì kan lọ.

Ó ku ti ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n yọ owó ọ̀pá nínú owó ìdógò wa. A fi ìdọ̀tí inú ibi tó sán hàn wọ́n. Ọmọkùnrin yẹn pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá wò ó, ó ní afẹ́fẹ́ ló dá a. A ní, “Ṣé ẹ ò sọ pé ó lè dúró nínú ìjì ni?” Ó ní ìjì yàtọ̀ sí afẹ́fẹ́. Páìpù ìyá àgbà ṣì wà lára ọ̀pá náà. Wọ́n gbà á pẹ̀lú rẹ̀, wọn ò tilẹ̀ béèrè ẹni tó tún un ṣe. Ó dá mi lójú pé wọ́n ti yá ẹlòmíì báyìí.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún fún Watchman. Ti balùwẹ̀ ni mo yọ, kì í ṣe ti afẹ́fẹ́.