Ọ̀já méjì tí mo fi gbé ìdí ajá mi ró lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ eegun ẹ̀yìn: ohun tí ojú mi rí ní ọ̀sẹ̀ 14

Kí n tó sọ ohunkóhun nípa ọjà méjèèjì tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò yìí, ó yẹ kí ẹ mọ irú ajá tí mo rà wọ́n fún, nítorí ohun tó bá ajá kan mu lè ṣe òmíràn léṣe. Tanímọ̀la jẹ́ akọ Dachshund, irú ajá tí ara rẹ̀ gùn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kúrú, ọmọ ọdún 6 ni, ó sì wọn kílò 9. Dísìkì, ìyẹn ohun rírọ̀ bíi tìmùtìmù tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn kan àti èkejì, ló bẹ́ láàárín eegun àyà tó kẹ́yìn àti eegun ìbàdí àkọ́kọ́, tí ohun inú rẹ̀ tú sórí okùn iṣan tó gba inú eegun ẹ̀yìn kọjá, tó sì há a mọ́ ibẹ̀. Láàárọ̀ ó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ bí ọ̀mùtí; kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì ti kú tì í. Dókítà fi irinṣẹ́ fún ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ dé eegun, ajá náà sì yíjú padà wò ó. Ìyíjú yẹn ni wọ́n ń wá. Nínú ajá 10 tó bá ṣì mọ irú ìrora bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, bíi 9 ló máa ń padà rìn. Ti èyí tí kò bá mọ̀ ọ́n mọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìdajì lọ. Wọ́n la ẹ̀gbẹ́ eegun náà, wọ́n kó ohun tó tú síbẹ̀ kúrò, wọ́n sì dá a padà fún mi ní ọjọ́ kẹta pẹ̀lú oògùn, ojú ìránṣọ gígùn kan lẹ́yìn, àti ìkìlọ̀ pé kí n rí i dájú pé mò ń gbé ìdí rẹ̀ ró nígbàkigbà tó bá dìde.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti bi mí bóyá orí àga ló ti fò sílẹ̀. Ó fò o, kò fò o, dísìkì irú àwọn ajá ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú wọ̀nyí ti máa ń gbẹ láti ìgbà tí wọn kò tíì pé ọmọ ọdún kan, tí yóò sì máa le sí i. Ní ọdún 2017 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tọ́ka sí ẹ̀dà kan lára jíìnì (ohun àjogúnbá inú ara) tí wọ́n ń pè ní FGF4, tó so ẹsẹ̀ kúkúrú wọn mọ́ àìsàn yìí. Mo mẹ́nu bà á nítorí pé ẹni tó bá ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi máa ń kánjú rajà. Èmi náà kánjú. Mi ò wọn ìbàdí ajá mi kí n tó sanwó ọ̀já àkọ́kọ́.

Ọ̀já àkọ́kọ́ yìí kò ní ohun púpọ̀ nínú. Aṣọ náílọ́ọ̀nù fífẹ̀ kan ni, tí wọ́n tẹ́ fóòmù tínrín sí nínú, tó ní ìdìmú méjì lókè. Ẹ ó tẹ́ ẹ sábẹ́ ikùn ajá, ẹ ó kó ìdìmú méjèèjì pọ̀ sọ́wọ́ kan, ẹ ó sì fà á sókè bí ẹni tó gbé báàgì. Yíyá tó yá ni mo kọ́kọ́ fẹ́ràn, kò gbà tó ìṣẹ́jú kan. Ní òru àkọ́kọ́, ní nǹkan bí aago mẹ́ta, mo fi gbé Tanímọ̀la jáde láti lọ tọ̀. A kò tíì rìn ju ìgbésẹ̀ mẹ́rin lọ tí aṣọ náà fi yọ̀ síwájú dé abẹ́ ìhà rẹ̀. Ìdí rẹ̀ já bọ́ sẹ́yìn, ẹ̀yìn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán sì tẹ̀ láàárín. Mo kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, mo fi ọwọ́ òsì gbá ìdí rẹ̀ mú, mo fi ọwọ́ ọ̀tún gbé e láyà, a sì wà bẹ́ẹ̀ nínú òkùnkùn fún ìgbà díẹ̀ kí ọkàn mi tó rọlẹ̀. Kò ké. Ọrùn ọwọ́ mi ló ń lá.

Àbùkù kejì pẹ́ kó tó hàn sí mi, òun ló sì burú jù. Nígbàkigbà tí mo bá fa ọ̀já náà sókè, ìtọ̀ máa ń kán sílẹ̀, inú mi sì ń dùn, mo tilẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé pé ajá mi ti ń tọ̀ fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ tí a padà lọ fún àyẹ̀wò, dókítà fọwọ́ kan ikùn rẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà, ó sì mú ọwọ́ tèmi náà lọ síbẹ̀: àpò ìtọ̀ le kankan bí bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì. Ó ṣàlàyé fún mi pé àpò tó ti kún ju bó ṣe yẹ lọ ló ń jò, pé ọ̀já tó ń fún un níkùn ló ń ti èyí tó ń kán jáde, àti pé ìtọ̀ tó bá kù sínú bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò àìsàn fi ń ṣe ilé. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́ bí a ṣe ń fún ìtọ̀ jáde. Ẹ ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbá ikùn mú lápá ọ̀tún àti apá òsì, níwájú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gan-an, ẹ ó wá ohun roboto tó ń yọ̀ lábẹ́ ọwọ́ yín, ẹ ó wá rọra máa tẹ̀ ẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láìdáwọ́ dúró, títí ìtọ̀ yóò fi já geere, tí àpò náà yóò sì rọ̀ pẹ̀lẹ́. Láàárín wákàtí 6 sí 8 ni mo ń ṣe é, tọ̀sán tòru, fún ọjọ́ 12. Kò sí ọ̀já kankan tó lè ṣe iṣẹ́ yìí fún yín, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ìyẹn fún yín. Kí ẹ jẹ́ kí dókítà kọ́kọ́ fi hàn yín pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀ kí ẹ tó dán an wò, nítorí pé àfipátẹ̀ lè ṣe àpò náà léṣe.

Yàtọ̀ sí èyí, ibi tí akọ ajá ti ń tọ̀ gan-an ni aṣọ náà bò. Ìtọ̀ tó bá kán, inú fóòmù ló ń mu sí. Kò ju ọjọ́ márùn-ún lọ tí awọ ikùn rẹ̀ fi pọ́n, tí ó sì sú. Mo kọ̀wé sí àwọn tó tà á fún mi, èsì wọn sì ni pé ọjà àwọn bá gbogbo ajá mu, pé ó ṣeé ṣe kí n máà fà á le tó. Bẹ́ẹ̀ ni àwòrán tó wà lára páálí rẹ̀ fi ajá kan hàn tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀ pátápátá, ìyẹn sì ni ohun tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣe.

Ọ̀já kejì rí bíi ṣòkòtò péńpé. Ó ní ihò méjì tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń gbà wọlé, eegun ìbàdí ló gbé láti ìsàlẹ̀, kò fara kan ikùn rárá, ó sì ṣí ojú sílẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn kí ajá lè tọ̀ kí ó sì yàgbẹ́ láìbọ́ ọ. Okùn pẹlẹbẹ kan gba orí ẹ̀yìn láti ara rẹ̀ lọ pàdé ìgbàyà tí wọ́n ń dè mọ́ àyà, okùn yìí ni kì í jẹ́ kí ó yọ̀ síbì kan. Lọ́tẹ̀ yìí mo fi téèpù wọn ìbàdí, ìpìlẹ̀ itan àti gígùn ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì kí n tó rà á. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fi gbé e dìde, ẹ̀yìn rẹ̀ dúró gbọọrọ bíi tábìlì, ó sì wo ojú mi bí ẹni pé kí ló pẹ́ mi tó bẹ́ẹ̀.

Òun náà ní àléébù tirẹ̀. Wíwọ̀ rẹ̀ gba sùúrù. Fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ènìyàn méjì ló ń gbà, ẹnì kan yóò gbé ìdí, èkejì yóò fa ẹsẹ̀ wọ ihò. Àlẹ̀mọ́ (Velcro) tó fi ń dè máa ń han fàà tí a bá ń já a, Tanímọ̀la a sì ta gìrì. Ajá tó ń ta gìrì sì ń yí ẹ̀yìn tí a ní kí ó má yí. Ṣe ni mo kọ́ láti fi ìka kan há àárín rẹ̀, kí n máa ṣí i díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí irun tí wọ́n fá bẹ̀rẹ̀ sí í hù padà, àlẹ̀mọ́ yẹn tún ń fà á tu. Ìdìmú rẹ̀ kúrú ju ohun tó yẹ fún ajá tí kò ga lọ, orúnkún mi ló mọ, àfi kí n tẹ̀ kọ̀dọ̀ káàkiri àgbàlá. Ní ọjọ́ kẹta, ẹ̀yìn tèmi náà ń wá dókítà. Okùn ajá lásán tí mo so mọ́ ìdìmú náà ló yanjú ọ̀rọ̀ yìí, ohun tí ó yẹ kí ẹni tó ṣe é ti rò tẹ́lẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo tí mo bá ìwé ìlò rẹ̀ jiyàn lé lórí ni pé ó ní ajá lè wọ̀ ọ́ láti àárọ̀ dalẹ́. Èyí lè rí bẹ́ẹ̀ fún ajá arúgbó tí oríkèé ń dùn. Ajá tí iṣan rẹ̀ kò tíì jí kò lè mọ̀ pé aṣọ ń bó òun ní ìpakú itan, kò sì ní lá a, kò ní ké. Ní ọjọ́ kẹrin mo rí ìlà pupa kan níbẹ̀ tí kò ju ìbú okùn bàtà lọ. Láti ìgbà náà, bí a bá ti padà wọlé báyìí, mo ń bọ́ ọ, mo ń nu ibẹ̀ gbẹ, mo sì ń fi ìka wo gbogbo ìpakú itan àti ibi tí eegun ìbàdí ti yọ. Ẹ ra méjì bí agbára bá gbé e, nítorí pé tí ẹ bá fọ ọ̀kan, fóòmù rẹ̀ kì í tètè gbẹ.

Bí a ṣe ń lò ó ló gba ọgbọ́n jù. Ìwọ̀n ìwúwo tí ajá kò lè gbé fúnra rẹ̀ nìkan ni ẹ ó bá a gbé. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa kan ilẹ̀, kí ọpọlọ àti ẹsẹ̀ lè tún máa gbúròó ara wọn. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni tiwa ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, láti tọ̀ kí a sì padà. Mo tún ń fetí sílẹ̀. Bí ẹsẹ̀ ajá bá ṣẹ́ wálẹ̀, tó ń fi ẹ̀yìn ìka tẹlẹ̀, èékánná rẹ̀ máa ń ha ilẹ̀: ṣìì, ṣìì. Ẹsẹ̀ òsì ni tiwa. Ọ̀já kò lè tún ìyẹn ṣe, ọwọ́ ni mo fi ń dá ẹsẹ̀ náà padà sí ipò rẹ̀, ìgbésẹ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, mo sì tẹ́ rọ́bà sí gbogbo ilẹ̀ tó ń dán, nítorí pé ajá tó bá ń yọ̀ kò lè kọ́ ìrìn.

Iye ìgbà tí ọ̀já wúlò lóòjọ́ kò tó ìdajì wákàtí. Ìyókù, inú kéèjì ni, fún ọ̀sẹ̀ 6 gbáko, nínú èyí tó tóbi tó kí ó dìde, kí ó yí padà, kí ó sì nà gbọọrọ, ṣùgbọ́n tí kò fún un láyè láti máa rìn. Nígbà tí kò tíì lè yí ara rẹ̀, èmi ni mò ń yí i láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, kí ìdùbúlẹ̀ má baà dá egbò sí i lára. Ẹni tó bá ra ọ̀já tó dára jù láyé tó sì ń ṣí kéèjì sílẹ̀ nítorí pé ajá ń sunkún, owó rẹ̀ ló fi ṣòfò.

Ní ọjọ́ 9, mo pe orúkọ rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ìrù rẹ̀ sì mì. Mo padà sẹ́yìn, mo tún pè é, ó tún mì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó dá dúró bí ìṣẹ́jú-àáyá 10 kó tó jókòó lójijì. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, mo ṣàkíyèsí lọ́jọ́ kan pé mi ò gbọ́ ìró èékánná yẹn mọ́. Nígbà tó máa di ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ọ̀já kàn wà lára rẹ̀ ni, okùn rẹ̀ rọ̀ dirodiro lọ́wọ́ mi. Ó ń rìn báyìí, ìdí rẹ̀ ṣì ń mì sọ́tùn-ún sósì tó bá fẹ́ yí kọ́nà.

Nínú ìràwọ̀ márùn-ún, méjì ni mo fún ọ̀já àkọ́kọ́. Táwẹ̀lì fífẹ̀ tí a ká po yóò ṣe gbogbo ohun tí ó ń ṣe, kò sì ní já yín kulẹ̀ jù ú lọ. Mo lè gbà kí ẹni tó ní abo ajá tó ti ń dá tọ̀ rà á, kò ju ìyẹn lọ. Mẹ́rin ni mo fún èkejì, ìdìmú kúkúrú àti àlẹ̀mọ́ aláriwo ló gba ìkarùn-ún lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣì wà lára ìkọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bí Tanímọ̀la bá rí i tí mo nawọ́ síbẹ̀, kódà bó jẹ́ pé aṣọ òjò mi ni mo fẹ́ mú, á yí padà wẹ́rẹ́, á sì wọ inú kéèjì rẹ̀ lọ jókòó.