Bátìrì Àlòkù Ọkọ̀ Nissan Leaf fún Iná Ilé: Àyẹ̀wò Lẹ́yìn Ọdún Kan Tí Mo Ti Ń Lò Ó

Àpótí bátìrì 16 ni mo rà, tí wọ́n tú kúrò lára ọkọ̀ Nissan Leaf ti ìran àkọ́kọ́ (ọkọ̀ tí iná mànàmáná ń gbé rìn), kí n lè máa tọ́jú iná sólà ọ̀sán di alẹ́. Sẹ́ẹ̀lì (bátìrì kéékèèké) 4 ló wà nínú àpótí kọ̀ọ̀kan, àpótí kan sì ń gba nǹkan bí ìdajì kWh (yúnìtì iná) nígbà tí ó ṣì wà ní tuntun. Ẹni tí ó tà wọ́n fún mi ní gbogbo wọn ló dára, ṣùgbọ́n kò lè sọ bóyá ọkọ̀ náà ti ní ìjàǹbá tàbí bóyá omi ti wọ inú rẹ̀ rí. Èyí ni àléébù tí ó burú jù nínú ọjà yìí, nítorí pé sẹ́ẹ̀lì lithium tí nǹkan ti tẹ̀ tàbí tí omi ti bà jẹ́ lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ láìṣe nǹkan kan, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná láti inú wá.

Mo fi mítà wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan kí n tó so wọ́n pọ̀. Ọ̀kan ti wú. Òmíràn ń pàdánù volt rẹ̀ nígbà tí kò sí ohun tí a so mọ́ ọn. Méjèèjì ni mo dá padà. Àwọn 14 tí ó kù ni mo tò ní ìlà méjì, 7 sí ìlà kan, lẹ́yìn tí mo ti rí i pé volt wọn dọ́gba, torí pé bí ìlà kan bá ga ju ìkejì lọ, iná ńlá yóò ya wọ inú èyí tí kò tó.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni ìdè (ibi tí a ń so wáyà mọ́) kẹta tó wà láàárín ìdè rere àti ìdè òdì àpótí kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní BMS ń gbà ṣọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì kan kò gbọdọ̀ kọjá 4.2 volt, 4.1 ni mo fi tèmi sí. Wọn kò gbọdọ̀ gba iná nígbà tí òtútù bá wà ní ìsàlẹ̀ òdo lórí ìwọ̀n Celsius. Fíúsì tí wọ́n ṣe fún iná DC (irú iná tó ń ti inú bátìrì jáde) gan-an ni kí ẹ lò, torí pé iná AC (irú èyí tí à ń lò nínú ilé) a máa já sí òfo léraléra láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ti DC kì í ṣe bẹ́ẹ̀, bí ó bá sì ti ń ta láàárín wáyà méjì, ó ṣòro láti paná rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ náà kò gbọdọ̀ tú bátìrì odindi lára ọkọ̀: àpótí 48 ló wà nínú rẹ̀, agbára rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 400 volt.

Ìta ni tèmi wà, ó jìnnà sí ẹnu ọ̀nà àti yàrá tí a ń sùn. Èéfín bátìrì yìí ní májèlé, ooru tó ń fa iná náà sì ń ti inú sẹ́ẹ̀lì jáde, nítorí náà ohun ìpaná kékeré kò lè dá a dúró.

Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa títí di òní. Síbẹ̀, bí mo bá tún fẹ́ rà, ọwọ́ ẹni tí ó bá lè fi ẹ̀rí hàn pé wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò gẹ́gẹ́ bí UL 1974, ìlànà àyẹ̀wò bátìrì àlòkù tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní ọdún 2018, ti là á kalẹ̀ nìkan ni n ó ti rà á.